Labalábá Acraea serena

Acraea serena ni àwọn onímọ̀ ń pe labalábá kékeré kan tó máa ń fò jẹ́jẹ́ lórí ewédú àti lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ní Èkìtì, ì báà ṣe Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ya orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Labalábá ni labalábá ń jẹ́. Fabricius, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1775. Ó wà káàkiri Áfíríkà, láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà lọ.

Bó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 ni. Àwọ̀ akọ dà bí ti ọsàn tó pọ́n. Dúdú ló yí etí ìyẹ́ rẹ̀ ká, ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú ló sì dúdú jù, àfi bí ẹni pé ọwọ́ tó kan èédú ló dì í mú. Ti abo kò dúró sójú kan: òmíràn jọ akọ, òmíràn ṣú bí ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ 6 ló ní, ṣùgbọ́n 4 ló fi ń dúró, nítorí méjì iwájú kéré ju kó fi rìn lọ.

Abo a máa yé ẹyin rẹ̀ ní ìdìpọ̀ sára ewé. Ewédú wà lára ohun tí ìdin rẹ̀ ń jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni Triumfetta, igbó tí èso ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tó bá gba oko kọjá. Bí ẹyin bá pa, àwọn ìdin á kóra jọ sójú kan, wọn á máa họ ewé jẹ títí yóò fi ku iṣan rẹ̀ nìkan bí àwọ̀n. Bí wọ́n ti ń dàgbà ni wọ́n ń tú ká, tí wọ́n ń bọ́ awọ, tí ẹ̀gún ẹlẹ́ka sì ń bo ara wọn.

Ìdin tó bá yó tán á fi òwú tó hun so ìdí rẹ̀ kọ́, á dorí kodò. Awọ ìkẹyìn á bọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù á funfun, pẹ̀lú ilà dúdú lára, kò ní jẹun, kò sì ní rìn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èèpo á là, labalábá á jáde, ìyẹ́ rẹ̀ á rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ibẹ̀ ni yóò rọ̀ sí títí ìyẹ́ náà á fi na tí á sì gbẹ.

Labalábá fira rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ pàápàá kì í fẹ́ jẹ irú eléyìí. Linamarin, májèlé inú ẹ̀gẹ́ tútù tó ń pa ewúrẹ́, wà lára ọ̀pọ̀ labalábá ẹbí Acraea. Bí a bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, omi bí ìyeyè á ṣẹ̀ jáde lára wọn. Ara wọn tún yi bí awọ, débi pé ẹyẹ tó bá fẹnu kàn wọ́n lè tu wọ́n dànù, kí wọ́n sì tún fò lọ, láìkánjú.