Ta Ni Àdánù Máa Já Lé Lórí? Bí Àdéhùn Iṣẹ́ Ìjọba Ṣe Ń Pín Ewu Owó

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn ní kìlómítà 127.6, ọdún 1978 sì ni wọ́n ṣí i. Nígbà tí kòtò wá gba ojú rẹ̀ tán, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìjọba àpapọ̀ gbà wá owó àtúnṣe rẹ̀. Lọ́dún 2009, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ Bi-Courtney: òun ni yóò wá bílíọ̀nù 89.53 náírà, òun ni yóò ṣe ọ̀nà, yóò sì fi ọdún 25 máa gba owó tollgate lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò títí owó rẹ̀ yóò fi wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà kò ṣe ohun tó wà nínú àdéhùn. Lọ́dún 2013, iṣẹ́ kan náà bọ́ sọ́wọ́ Julius Berger àti RCC ní bílíọ̀nù 167 náírà, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni owó ti máa jáde lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó di 2018, wọ́n kó o sábẹ́ àkànṣe àpò owó PIDF tí NSIA, àjọ tó ń fi owó ìjọba àpapọ̀ dókòwò, ń bójú tó, kó má baà máa dúró de ìṣúná ọdọọdún.

Ọ̀nà kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni. Ohun tó ń yí padà ni ẹni tí àdánù máa já lé lórí bí nǹkan bá dàrú. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó kí èèyàn bèèrè iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde. Irú àdéhùn tí wọ́n kọ ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè.

Èyí tó rọrùn jù láti lóye ni àdéhùn oníye-kan. Agbaṣẹ́ṣe dá iye, ìjọba gbà, ó parí síbẹ̀. Bí símẹ́ǹtì wọ́n, bí kò wọ́n, ọrùn agbaṣẹ́ṣe ló wà. Ó bá iṣẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ hàn kedere mu: kíláàsì ilé ẹ̀kọ́, bohóòlù, ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé iye tó wà lórí ìwé kì í yí. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó buwọ́ lu irú rẹ̀ ní 2022. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nínú oṣù Kẹfà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà lójú ìjọba fò kọjá 700, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti wà ní bíi 1,500. Irin, díísù, táyà, ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé dọ́là lọ sókè. Ohun mẹ́ta ló kù fún agbaṣẹ́ṣe bẹ́ẹ̀: kó fi owó ara rẹ̀ parí iṣẹ́, kó sá, tàbí kó dín irin kù kó sì fi yanrìn kún símẹ́ǹtì. Nínú méjì tó gbẹ̀yìn, àwọn ará ìlú ni àdánù padà já lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé sọ pé agbaṣẹ́ṣe ló ni ín.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ń jẹ ìyà irú àdéhùn yìí. Lọ́dún 2011, Boeing gba iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú KC-46 lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, èyí tó máa ń rọ epo fún ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀run. Wọ́n ti fi gbèdéke sí owó tí ìjọba máa san. Àdánù tí Boeing ti kọ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là. Boeing lè gbé e. Agbaṣẹ́ṣe Òṣogbo tó fi ilé bàbá rẹ̀ yá owó ní báńkì kò lè gbé ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀.

Irú kejì ni ti àwọn tó ń wọn iṣẹ́, ó sì wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ ọ̀nà. Iye fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí: eélòó ni kíkó erùpẹ̀ kúbíìkì mítà kan, eélòó ni ọ̀dà tọ́ọ̀nù kan. Ìwé BOQ, ìyẹn ìwé tó to ìwọ̀n àti iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, ló kó gbogbo rẹ̀ jọ. Iye gọbọi tí ìwé ìròyìn gbé jáde lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé, ìṣirò àfojúsùn lásán ni. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n lójú iṣẹ́ ni ìjọba máa san. Bí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá irà, ìjọba ló gbé e. Bí gbólóhùn àfikún owó fún ọjà tó gbówó lórí bá tún wà nínú rẹ̀, ewu ọ̀wọ́n náà ti kúrò lọ́rùn agbaṣẹ́ṣe nìyẹn.

Ibí yìí ni ọgbọ́n àyínìke pọ̀ sí. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ̀ pé ìjọba kì í tètè san owó máa ń fi iye gọbọi sí iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, bíi gígé igbó àti kíkó erùpẹ̀, á wá fi táṣẹ́rẹ́ sí èyí tó gbẹ̀yìn. Àròpọ̀ iye rẹ̀ ṣì kéré, nítorí náà òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Bó bá ti gba owó ìbẹ̀rẹ̀ tán, kò sí ohun tó ń fà á padà sójú iṣẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn máa ń ka àwòrán iṣẹ́ ju ẹni tó yà á lọ: ibi tí wọ́n bá rí i pé ìwọ̀n máa wú sí, ibẹ̀ ni wọ́n máa fi owó ńlá sí. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ óò gbọ́ pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí àfikún. Kì í ṣe gbogbo àfikún ni olè jíjà. Ṣùgbọ́n àfikún tó wáyé nítorí pé wọ́n gbé iṣẹ́ jáde kí àwòrán tó parí, ìwà àìbìkítà ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àyànmọ́.

Irú kẹta ni èyí tí ìjọba ti ń dá gbogbo ìnáwó padà tí yóò sì fi èrè lé e. Iṣẹ́ ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí ló wà fún. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí èrè náà jẹ́ ìdá kan nínú ohun tí wọ́n ná, nítorí bí ìnáwó bá ṣe ń pọ̀ ni èrè á máa pọ̀.

Ní Nàìjíríà, iye ọjà kọ́ ni olórí ewu. Dídúró de owó ni. Òfin ìrajà ìjọba ti ọdún 2007 sọ pé owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní mobilization, ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá, agbaṣẹ́ṣe sì gbọ́dọ̀ mú ìwé onídùúró wá láti báńkì tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò kó tó rí i gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ló máa ṣe kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí ló sì máa fi gba owó. Òfin kan náà sọ pé bí ó bá ju 60 ọjọ́ lọ, owó náà ti pẹ́, èlé sì gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Ó tún sọ pé kò gbọdọ̀ sí àdéhùn níbi tí kò bá ti sí owó nínú ìṣúná.

Àmọ́ kí owó wà nínú ìṣúná kò sọ pé ó wà lápò. Iye tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí lè wà níbẹ̀ lódidi ọdún kí ìdajì rẹ̀ má jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nìyẹn nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lẹ́yìn 2014: iṣẹ́ fà sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Lọ́dún 2025, àwọn agbaṣẹ́ṣe ọmọ ìbílẹ̀ wọ́de ní Àbújá nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti parí láìgbowó. Báńkì kò dúró dè wọ́n ní tirẹ̀. Ní ìparí 2024, báńkì àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí oníbàárà ń san sì tún ju ìyẹn lọ. Èyí ló fà á tí ẹni tó bá gbọ́n fi ń fi owó ìdúró sínú iye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìjọba á sì máa san owó ìjáfara ara rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò lówó rárá á ta kọ́ńtíráàtì náà fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn lè tún un tà, oníkálukú á sì bù tirẹ̀ kó tó kan ẹni tó máa po símẹ́ǹtì.

Ó ku irú tí Bi-Courtney gbà, níbi tí aládàáni ti ń mú owó wá. Ó máa ń dà bí ọ̀fẹ́ lójú ìjọba, nítorí kò hàn nínú ìṣúná. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ fún ilé iṣẹ́ LCC fún 30 ọdún; nígbà tí ariwo àwọn ará àdúgbò lórí tollgate pọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló padà rà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2013. Ti P&ID tilẹ̀ burú jù. Lọ́dún 2010, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí láti máa fún ilé iṣẹ́ náà ní gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ogún ọdún, kí ó sì kọ́ ilé ìfọ̀gáàsì sí Calabar. Gáàsì kò dé, wọn kò sì kọ́ ilé náà. Lọ́dún 2017, àwọn onílàjà ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là, èlé sì gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Oṣù Kẹwàá 2023 ni adájọ́ Robin Knowles ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà.

Ẹjọ́ kò tán síbẹ̀. Ó ku owó agbẹjọ́rò tí P&ID gbọ́dọ̀ dá padà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 44 pọ́n-ùn. P&ID ní náírà ló yẹ kí àwọn fi san án, nítorí náírà ni Nàìjíríà fi ra pọ́n-ùn tó san fún àwọn agbẹjọ́rò; láàárín ìgbà náà, náírà ti já tó bẹ́ẹ̀ tí gbèsè náà ì bá fi dín kù gan-an. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain dá wọn lẹ́bi lọ́dún 2025: pọ́n-ùn ni kí wọ́n san.