Ikọ́ tí kì í ṣe TB: bí wọ́n ṣe ń dá àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń jẹ́ ABPA mọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ní àyíká Ṣágámù, wọ́n máa ń kó obì gbànja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là jọ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́. Awọ tó rà yẹn, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí Ìjẹ̀bú, ìgbẹ́ adìẹ tó dà pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó: ohunkóhun tó bá ń jẹrà, tó gbóná, tó sì rin, ibùgbé ni fún fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Aspergillus fumigatus. Hóró rẹ̀ kéré débi pé, béèyàn bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, bí 2 sí 3 péré nínú rẹ̀ ni. Gbogbo èèyàn ló ń fà á símú lójoojúmọ́, ara tó le sì ń gbá a dànù láìsí wàhálà.

Ẹni tó ní asíma, tí àwọn míì ń pè ní ikọ́ fée, ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú fún. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki wà nínú ọ̀nà èémí rẹ̀, hóró á rí ibi jókòó sí, á sì hù. Kì í gbẹ́ ẹran ara wọlé, inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ló ń gbé. Ara ẹni náà gan-an ló máa ń fárígá: á máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ IgE sínú ẹ̀jẹ̀ láìdábọ̀, á kó àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jẹ́ eosinophil ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà èémí á sì wú. Ó dà bí ẹni tó ń sọ òkò lu aláǹgbá lára fèrèsé onígíláàsì: aláǹgbá lè má kú, gíláàsì ló máa fọ́. Tó bá pẹ́, àwọn òpó èémí á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kì í sì í sún padà mọ́. Ọdún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. ABPA (allergic bronchopulmonary aspergillosis) ni àwọn dókítà ń pè é, kì í sì í ràn.

Ohun tó máa ń mú kó sá pamọ́ lọ́dọ̀ wa ni pé ó jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB. Aláìsàn á máa wúkọ́, á máa rù, ó lè fi ẹ̀jẹ̀ kún un, fọ́tò àyà á sì fi àbàwọ́n hàn. Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Ẹni tó ní ABPA lè wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ líle aláwọ̀ búráùn tó dì gbagidi jáde, àbàwọ́n inú fọ́tò rẹ̀ sì lè kúrò lápá ọ̀tún lónìí kó yọ lápá òsì lóṣù mélòó kan sí i. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ GeneXpert ló yẹ kó ṣíwájú, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò TB ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kí wọ́n máa fún èèyàn lóògùn TB lóṣù mẹ́fà nítorí fọ́tò nìkan, tí asíma rẹ̀ kò sì gbọ́ ìtọ́jú, kò dáa rárá.

Bí TB kò bá sí, ìbéèrè tó kàn ni bóyá ara ẹni náà kórìíra Aspergillus lóòótọ́. Wọ́n lè kán omi tí wọ́n fà jáde lára fọ́ńgọ́ọ̀sì náà sí apá kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n wá IgE tó dojú kọ fọ́ńgọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀, 0.35 kUA/L ni ààlà rẹ̀. Tí kò bá sí, kí dókítà wá nǹkan mìíràn lọ. Tó bá wà, wọ́n á wọn àpapọ̀ IgE. Tẹ́lẹ̀, 1,000 IU/mL ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n ìlànà tuntun ti ọdún 2024 sọ ọ́ di 500.

Ibí yìí gba sùúrù. Aràn inú náà ń gbé IgE sókè, ó sì ń sọ eosinophil di púpọ̀. Lóko Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, iye ńlá nìkan kò lè dá ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ̀rí méjì míì nínú mẹ́ta: eosinophil tó tó 500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, IgG (èròjà míì tí ara ń ṣe) tó dojú kọ Aspergillus, tàbí ohun tí X-ray tàbí CT scan fi hàn. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú òpó bá funfun ju iṣan ẹ̀yìn lọ nínú CT, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tó ti ń ra prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú ara rọlẹ̀, jẹ ní kẹ́míìsì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ó máa ń fa eosinophil wálẹ̀, èsì á sì tan dókítà jẹ.

Prednisolone náà ni oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdajì mílígíráàmù fún kílò kan. Ẹni tó wọn kílò 60 á máa lo mílígíráàmù 30 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, wọ́n á wá máa dín in kù títí á fi tó oṣù mẹ́rin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ aràn tó ń jẹ́ Strongyloides wò tàbí kí wọ́n lo ivermectin, oògùn aràn, fún un. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọlé, prednisolone sì lè jẹ́ kó gbilẹ̀ dójú ikú. Ọ̀nà kejì ni itraconazole, oògùn tó ń gbógun ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, mílígíráàmù 200 láàárọ̀, 200 lálẹ́, fún oṣù mẹ́rin. Oúnjẹ ni wọ́n ń fi kápúsù rẹ̀ lò. Omeprazole tí àwọn tó ní ọgbẹ́ inú (ọ́lísà) ń lò kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa, rifampicin inú oògùn TB sì ń sọ ọ́ di yẹpẹrẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń tún IgE wọ̀n. Kò pọn dandan kó padà sí ti aláìláàrùn, kì í sì í sábà padà. Tó bá ti 4,000 wá sí 2,500, tí ikọ́ sì rọ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́. 2,500 yẹn ló wá di ìwọ̀n ẹni náà. Tó bá tún fi ìdajì lé e, tí èémí sì ń há, àrùn ti padà nìyẹn, ó sì ń padà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìnhélà asíma kò gbọ́dọ̀ dúró ní gbogbo àsìkò yìí, àmọ́ kí dókítà mọ irú èyí tó jẹ́, torí itraconazole ń mú kí budesonide àti fluticasone, àwọn oògùn tó máa ń wà nínú ìnhélà, pọ̀ lápọ̀jù nínú ara. Ní ti iṣẹ́, aṣọ tí wọ́n dì mọ́mú kò lè dá hóró yẹn dúró. Ìbòmú N95 ṣe díẹ̀. Ẹni tó ní ABPA kọ́ ló yẹ kó máa kó ìgbẹ́ adìẹ tàbí kó máa tú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́.