Ẹ̀jẹ̀ tó ń pa àwọ̀ dà nínú agbárí

"A ti ya X-ray orí ẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú lọ́nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí á fi tu ara wọn nínú nìyẹn. Ìtùnú asán ni. Eegun ni X-ray ń wò. Ó lè sọ bóyá igbá sán, kò mọ ohun tó ṣe iyán inú igbá.

Síkáànì CT ló ń wo iyán. Ó ń yí orí po, ó ń gé àwòrán ẹ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ibi tó dùn ni nọ́ńbà tó ń fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fi orúkọ Godfrey Hounsfield pè, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ẹ̀rọ náà. Omi ni 0. Ọpọlọ wà láàárín 20 sí 40. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ń lọ bíi 60 sí 80. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni àwòrán ṣe ń funfun tó. Lọ́jọ́ ìṣubú gan-an, ẹ̀jẹ̀ á funfun báláú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ, á tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ pàápàá á rí i.

Àmọ́ kì í dúró bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ náà ki á máa yọ́ dànù, nọ́ńbà ẹ̀ á máa wálẹ̀ títí á fi bá ti ọpọlọ dọ́gba. Ẹni tó ti ń fi àgbo lé orí fífọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú, àkókò yìí gan-an ló máa ń dé iwájú ẹ̀rọ.

Kókó inú iyán ni ẹ̀jẹ̀ náà nígbà yẹn. Funfun ni kókó, funfun ni iyán. Ojú ò lè yà wọ́n, ọwọ́ ló ń bá a. Ẹni tó ń ka àwòrán ò wá àwọ̀ mọ́, ibi tí iyán ti wú ló ń wá: ṣé ìlà àárín ọpọlọ ti yẹ̀ sápá kan? Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò tí wọ́n kàn kọ "RTA" (ìjàǹbá ọkọ̀) sí, láìsí ọjọ́ ìṣubú, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwà ìkà.

Ó tún wá burú tí ẹ̀jẹ̀ bá wà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n á jọ tì í, ìlà àárín á dúró gbọnin. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ àgbà máa ń súnkì, kòtò ara ẹ̀ á sì fẹ̀. Bí àwòrán baba ẹni ọdún 75 bá wá jáde, tí ọpọlọ ẹ̀ kún dẹ́dẹ́ bíi ti ọmọ ọdún 20, ẹni tó mọṣẹ́ kì í kan sáárá sí i. Á ní kí wọ́n fa oògùn tó ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí baba lápá, kí wọ́n tún un yà.