Ẹbí ní àwùjọ Yorùbá òde òní

Ẹbí ni àkójọpọ̀ àwọn tó ti ara baba ńlá tàbí ìyá ńlá kan ṣẹ̀. Agboolé kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ti fọ́n ká sí ìlú ńláńlá àti òkè òkun. Ní Èkìtì àti agbègbè Ọ̀yọ́, ìran baba ló lágbára jù. Ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ènìyàn lè gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ìdílé.

Ohun-ìní ẹbí

Bóyá ní ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni agbára ẹbí ti hàn jù lọ lóde òní. Bí ẹni tó fẹ́yàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin. Opó kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà yìí. Dáwódù, ìyẹn àrẹ̀mọ, ló sábà ń di olórí ẹbí. Bí ó bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Èyí tí àwọn àgbà ẹbí bá tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀ kò tilẹ̀ fìdí múlẹ̀ rárá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín ogún. Ní ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń wò: bí ìyàwó kan bá bí ọmọ kan, tí èkejì bí márùn-ún, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ló ni ìdajì. Ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu láti Èkó, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, dá a lẹ́jọ́ ní 1962 pé ìdí-igi ṣì jẹ́ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, àmọ́ tí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ìbàdàn ṣì ń wá ìdílé tó ni ín kàn.

Oyè

Ní Ìbàdàn, mọ́gàjì ni olórí ìdílé, ipò rẹ̀ ló sì ń ṣílẹ̀kùn ọ̀nà oyè méjì, ti Ọ̀tún tàbí ti Balógun, tó lè gbé e dé orí oyè Olúbàdàn, ọba ìlú náà.

Ìrànlọ́wọ́

Owó ilé-ìwé, ìsìnkú àti aṣọ ẹbí ni ìrànlọ́wọ́ láàárín ẹbí ti wọ́pọ̀ jù. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń dá owó báyìí, tí àwọn tó wà lókè òkun sì ń fi ìwé yan aṣojú tí yóò bá wọn fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílé.