Kí ni dependency? Àlàyé fún ẹni tó fẹ́ kọ̀m̀páìlì QEMU fúnra rẹ̀

Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti kọ̀m̀páìlì sọ́fítíwià (ìyẹn láti sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò) á mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ tẹ ./configure, àṣẹ tó ń yẹ ẹ̀rọ wò bóyá gbogbo nǹkan wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kiri, àfi lójijì tó dúró, tó ní òun ò rí glib. Ẹ̀yin ò sì béèrè glib lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, QEMU lẹ̀ ń wá. Àmọ́ QEMU ò dá dúró. Kóòdù tí àwọn ẹlòmíì kọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìyẹn ò bá sí, òun náà ò sí. Kóòdù abẹ́ yẹn là ń pè ní dependency. Ìwé ìlànà ló ń sọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ, àti àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀, torí òun làwọn èèyàn kì í kà sí apá kan sọ́fítíwià, apá kan rẹ̀ sì ni.

QEMU fúnra rẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2003. Ó ń ṣe kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Àgọ́ Ìwòyè, tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, lè gbé Linux mìíràn sínú rẹ̀, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe, kí iṣẹ́ àṣekágbá tó wà lórí láptọ́ọ̀pù náà má sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2007 ni KVM wọ inú kernel Linux (apá tó ń darí ẹ̀rọ), ní ẹ̀dà 2.6.20, òun ló ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ gangan ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà tààrà kí ó lè yá. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ ṣáà lò ó lẹ fẹ́, ẹ má wulẹ̀ kọ̀m̀páìlì ohunkóhun: sudo apt install qemu-system-x86 ti tó lórí Debian tàbí Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tàbí tó fẹ́ fọwọ́ kan kóòdù náà, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kí ló dé tí ìwé ìlànà fi máa ń já èèyàn kulẹ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó kọ ọ́ ti ní gbogbo nǹkan lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ní wọn. Ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń fi fóònù kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ lè sọ pé kó rin iṣu. Nílé tirẹ̀, iṣu tí wọ́n ń rin fún ìkọ́kọrẹ́ kò lè ju ewùrà lọ, kí ló tún fẹ́ dárúkọ rẹ̀ sí? Ọmọ bọ́ sọ́jà, ó ra iṣu funfun, ó rin ín, ó pò ó, kò gbà. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí ìyá sọ. Ohun tí kò sọ ló ba ọbẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ti ń kọ kóòdù fún ọdún mẹ́wàá ti gbé glib, pixman, python3, gcc àti ọgọ́rọ̀ nǹkan mìíràn sórí ẹ̀rọ rẹ̀ fún iṣẹ́ tó ti gbàgbé. Ó tẹ make, àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ kíkọ̀m̀páìlì, ó ṣiṣẹ́, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ tẹ make.

Orúkọ tún ni wàhálà kejì. Glib kan náà, libglib2.0-dev ló ń jẹ́ lórí Debian, glib2-devel lórí Fedora, glib-dev lórí Alpine. Ọmọ tó ra láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ ní Fọlágbadé, tí Fedora wà lórí rẹ̀, tó wá ń tẹ orúkọ ti Debian, ẹ̀rọ rẹ̀ á sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á sì rò pé òun ló ṣìṣe. Ẹ ṣàkíyèsí dev àti devel tó wà ní ìparí orúkọ wọ̀nyẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń ṣubú. Glib ti lè wà lórí ẹ̀rọ yín látọjọ́ pípẹ́, kí àwọn sọ́fítíwià mìíràn sì máa lò ó, síbẹ̀ kí configure ní òun ò rí i. Òótọ́ ló ń sọ. Èyí tó wà nílẹ̀ ni èyí tí sọ́fítíwià tó ti délẹ̀ ń lò. Èyí tí kọ̀m̀páílà ń wá ni àwọn fáìlì tó ń júwe ohun tó wà nínú glib fún un, àti fáìlì kékeré kan, glib-2.0.pc, tí pkg-config máa ń kà láti mọ ibi tí nǹkan wà. Inú ti dev ni wọ́n kó ìyẹn sí.

Ìwé ìlànà tó péye lónìí tún lè di irọ́ lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí QEMU 5.2 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíkọ̀m̀páìlì kúrò lọ́wọ́ Makefile àtijọ́ (fáìlì tí make ń tẹ̀ lé), wọ́n ti kó o fún irinṣẹ́ méjì mìíràn, Meson àti Ninja. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní ninja kò lọ síbì kankan. Gbogbo ìwé ìlànà tí àwọn èèyàn ti kọ síbí sọ́hùn-ún ṣáájú ọjọ́ náà, ìlà kan ti sọnù nínú wọn.

Ti ninja ṣì sàn, ó kéré tán ó ń pariwo. Ti slirp ló burú. Slirp ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ jẹ́ root (ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ), láìjẹ́ pé ẹ ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà rẹ̀ kan ń bá kóòdù QEMU rìn, kò sẹ́ni tó ń rántí pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tó di QEMU 7.2, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò: ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ gbé libslirp-dev wá fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn Linux ńláńlá ti ní libslirp tiwọn, kí wá ni wọ́n ń gbé ẹ̀dà kejì kiri fún, èyí tó máa gbó síbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bá ẹni tó ń lo ìwé ìlànà àtijọ́. Configure kò rí libslirp, kò sọ̀rọ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kọ̀m̀páìlì parí, kò sí àṣìṣe kankan. Ìgbà tí ẹ ṣí kọ̀ǹpútà inú náà ló tó sọ fún yín pé network backend 'user' is not compiled into this binary.

Oríṣi dependency méjì ló wà, nígbà náà. Ọ̀kan jẹ́ dandan: glib, kò sí ọ̀nà míì. Èkejì, bó bá wà wọ́n á lò ó, bí kò bá sí wọ́n á fi í sílẹ̀ láìwí nǹkan kan. Ẹ̀ka kejì yìí ló ń tan èèyàn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí ni pé kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n ò lè ṣe aláìní. Bí ẹ bá kọ ./configure --enable-slirp, ẹ ti sọ ọ́ di dandan, tí configure ò bá wá rí i, á dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ò ní í kọ̀m̀páìlì fún wákàtí kí ẹ tó mọ̀. Ní ìparí configure náà, ó máa ń to gbogbo ohun tó rí àti ohun tí kò rí sílẹ̀ pẹ̀lú YES àti NO. Ẹ kà á. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kà á.

Àwọn tó ń bójú tó QEMU mọ̀ pé èèyàn ò lè fọwọ́ tọ́jú gbogbo orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n ń lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ lcitool, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe libvirt (irinṣẹ́ tó ń bójú tó irú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà yìí) wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ dependency kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kan tó sọ ohun tó ń jẹ́ lórí Debian, Fedora, Alpine, FreeBSD, macOS àti àwọn yòókù. Láti inú fáìlì yẹn ni lcitool ti ń kọ Dockerfile, fáìlì tó ń sọ ohun tó yẹ kó wà nínú Linux kékeré tí wọ́n fi ń dán QEMU wò. Bí orúkọ kan bá yí padà, àyẹ̀wò á kùnà, ẹnì kan á rí i ṣáájú yín. Wọ́n tún fi ààlà sí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbó tó: ẹ̀dà ńlá Linux tó wà lóde ni wọ́n ń tì lẹ́yìn, èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì di ohun àpatì lẹ́yìn ọdún 2 tí tuntun bá ti jáde. Ẹni tó ń lo Ubuntu 18.04 kó má fi QEMU tuntun dá ara rẹ̀ lágara.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà nínú ọkàn mi ni gígùn àkójọ dependency náà. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọn fẹ́ kọ̀m̀páìlì gbogbo ẹ̀ka QEMU, nítorí náà gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀: GTK, SDL, spice, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé bá kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣe é ní Ìlíṣàn tàbí Ṣágámù máa mọ̀ ọ́n lára gan-an. Ìwé ìlànà tó dáa máa ń sọ èyí tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́, kó tó wá sọ ti àfikún. Fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, glib, pixman, slirp, ninja, python3 pẹ̀lú irinṣẹ́ kọ̀m̀páìlì, ó ti tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ fi --target-list=x86_64-softmmu kún configure, kó má baà kọ̀m̀páìlì fún oríṣi prósẹ́sọ̀ tí ẹ ò ní í fojú rí láéláé. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ má nu ohunkóhun nù: ninja á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró. Ẹ tún mọ̀ pé configure lè máa fa nǹkan láti íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Àṣẹ --disable-download ló ń dá a lẹ́kun. Tarball (fáìlì kan tí wọ́n di gbogbo kóòdù sí) tí wọ́n bá gbé jáde ti kó àwọn nǹkan wọ̀nyẹn dání.

Tarball náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ sọ́fítíwià, ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú ssh (ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè) ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ní ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, níbi tí ẹnì kan ti dọ́gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Kóòdù búburú náà fara pa mọ́ sínú fáìlì àyẹ̀wò, apá ìlànà kọ̀m̀páìlì tó ń tú u sílẹ̀ sì wà nínú tarball nìkan, kò sí nínú git, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù náà sí ní gbangba. Sshd, apá ssh tó ń gba ẹni tó ń wọlé, kò béèrè xz fúnra rẹ̀. Àwọn Linux kan ló so ó mọ́ libsystemd, libsystemd ló béèrè liblzma tó jẹ́ ti xz. Dependency ti dependency nìyẹn. QEMU máa ń buwọ́ lu tarball rẹ̀, ó sì dáa kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù kì bá tí gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ti xz, torí ẹni tó ní àṣẹ láti buwọ́ lù ú ló ṣe é. Ìdí mìíràn nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ gbé àkójọ gígùn lódindi láìka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí ìlà kan tó sọnù nínú ìwé ìlànà QEMU, inú folda docs ló wà pẹ̀lú kóòdù, ẹ lè tún un ṣe. Ẹ má dán an wò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, torí ó ti ní gbogbo nǹkan. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà tó ṣófo, tàbí kí ẹ tẹ podman run -it debian:12, tó ń ṣí Debian kékeré tó ṣófo fún yín, kí ẹ tẹ ìlànà náà ní ìlà-ní-ìlà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Níbi tó bá ti kọ́kọ́ kọsẹ̀, ibẹ̀ ni àtúnṣe yín wà. Ẹ kọ orúkọ Linux náà àti ẹ̀dà rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ àlàyé, kí ẹ sì fi ìlà Signed-off-by sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yín, torí wọn kì í gba àtúnṣe tí kò bá ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ fi kún un.