Ẹ Má Fò: Bí A Ṣe Ń Wo Ilé Àwọn Ọba Mughal Lórí Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ mi ni yíya ilé sórí kọ̀ǹpútà, kí onílé lè rìn yí inú rẹ̀ ká kí bíríkìlà tó kó búlọ́ọ̀kù wá. Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi máa ń bi mí nípa àwọn ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Second Life, níbi táwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń kọ́ ààfin, ibojì àti ọgbà tó jọ ti àwọn ọba Mughal ilẹ̀ Íńdíà. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn ò ju méjì-mẹ́ta ọ̀rọ̀ lọ: ẹ má fò.

Bọ́tìnnì ìfò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń wọni lójú. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n fi wọn àwọn ilé yìí. Ẹ wo Taj Mahal ní Agra, tí ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1632 fún ìyàwó rẹ̀, Mumtaz Mahal, tó ṣaláìsí lọ́dún tó ṣáájú. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí wọ́n fi òkúta pupa kọ́ ló gba iwájú ibojì náà. Ẹ ò ní rí nǹkan kan títí ẹ ó fi kọjú sí i tààrà, kí òrùlé rìbìtì funfun yẹn tó yọ láàárín àtẹ́rígbà. Ẹ wá máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ṣe ni ibojì á dà bí ẹni ń sún sẹ́yìn, tó ń kéré sí i. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló wà nítòsí, òun ló ń yára tóbi lójú yín, ibojì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ò sì lè bá a sáré. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe gan-an bí ojú ṣe ń ṣe é, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ tún nǹkan mẹ́ta ṣe.

Èkíní ni kámẹ́rà. Ẹ̀yìn orí avatar yín, ìyẹn ère tó dúró fún yín nínú ayé náà, lókè díẹ̀, ló máa ń so sí, ìyẹn ló sì ń jẹ́ káwọn tó ń kọ́lé níbẹ̀ gbé àjà sókè ju bó ti yẹ lọ, kí kámẹ́rà má baà máa sọ lù ú. Ẹ yí táyà máùsì síwájú títí ẹ ó fi wọ inú ojú avatar. Mouselook ni wọ́n ń pè é. Esc lẹ ó fi jáde. Èkejì ni oòrùn. Ọ̀pọ̀ oní-ilẹ̀ fẹ́ràn alẹ́ aláwọ̀ àlùkò tí iná ń tàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí tiwọn, kẹ́ ẹ wá lọ sí World, Environment, kẹ́ ẹ mú Midday. Ẹ̀kẹta ni Draw Distance, ìyẹn ibi tí ojú yín lè ríran dé. Bó bá kéré, ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òfuurufú lásán lẹ ó máa wò. Ẹ gbé e dé mítà 256, kẹ́ ẹ dín in kù bí fáànù láptọ́ọ̀pù bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Mítà 256 níbùú, 256 lóròó, náà ni ilẹ̀ kan ní Second Life. Ọgbà Taj Mahal nìkan tó nǹkan bí mítà 300 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo àyíká ilé náà lápapọ̀ sì gùn tó nǹkan bí 560. Kò lè gba inú ilẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní láti gé nǹkan kúrò, ọgbà ni ọ̀bẹ sì máa ń kọ́kọ́ bà, èyí tó ń dùn mí. Ọgbà alápá mẹ́rin tí omi là láàárín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní chahar bagh, ló ń gbé ibojì náà. Láti Páṣíà ni wọ́n ti mú un wá, odò Àlùjánnà ni omi rẹ̀ sì dúró fún. Ní ibojì ọba Humayun ní Delhi, àárín gbùngbùn ọgbà ni ilé wà. Ní Taj, ìpẹ̀kun ọgbà ni, létí odò Yamuna, kí ẹ lè rin gbogbo ọ̀nà omi yẹn tán kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá kúkú kọ́ ibojì kékeré sínú ọgbà tó ṣe gẹ́gẹ́.

Àṣà wa nídìí iṣẹ́ yìí ni ká ya ìdajì ilé, ká sì ní kí kọ̀ǹpútà yí i dà sí òdìkejì. Taj fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un pátápátá, àmọ́ ó dẹ pańpẹ́ méjì. Mọ́sáláṣí wà lápá ìwọ̀-oòrùn ibojì, ilé mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì wà lápá ìlà-oòrùn, nítorí kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Ní Íńdíà, ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà, kì í ṣe ìlà-oòrùn bíi tiwa níbí, nítorí náà mọ́sáláṣí nìkan ló ní kọ̀rọ̀ tí lèmọ́ọ̀mù ń dúró sí. Bí ẹ bá rí i nínú méjèèjì, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀dà ni wọ́n ṣe. Ẹ wá wọ inú yàrá ibojì. Mumtaz ló wà láàárín gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n gbé ti Shah Jahan sí. Bí méjèèjì bá pín àárín dọ́gba-dọ́gba, ẹni tó kọ́ ọ ò wo àwòrán dáadáa.

Ẹ tún wo jali, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ ní ihò-ihò kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ti ibojì Salim Chishti, ẹni mímọ́ Mùsùlùmí kan, ní Fatehpur Sikri, ìlú tí ọba Akbar bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 1571, lèmi fẹ́ràn jù. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta gidi nípọn, nítorí náà àwọn ihò á máa pa dé bí ẹ ṣe ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú pẹlẹbẹ kan, á tín-ín-rín bíi bébà. Mi ò bú ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ o: ihò ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n bá gbẹ́ dénú máa ń wúwo fún kọ̀ǹpútà àwọn àlejò.

Kì í ṣe ilé gidi nìkan làwọn oníṣẹ́ ọnà yìí ń wò ṣe àpẹẹrẹ, àwọn kan ń wo àwòrán inú ìwé àwọn ọba yẹn. Nínú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ lè máa wo ọgbà láti òkè, kẹ́ ẹ sì máa wo àwọn èèyàn inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji ò fi bẹ́ẹ̀ sí, àwọ̀ sì mọ́ gaara. Bí ayé tí ẹ wọ̀ bá rí báyìí, ẹ má pè é ní àṣìṣe. Ẹ pa Shadows tó wà nínú ètò àwòrán, á sì túbọ̀ dára. Èyí tó po ọnà ìkọ́lé Gujarat ní Íńdíà pọ̀ mọ́ ti Páṣíà náà ò ṣẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀lé Akbar fúnra wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Kó má ṣáà pè é ní Taj.

Owó oṣooṣù ni wọ́n ń san lórí ilẹ̀ wọ̀nyí, ọjọ́ tí oní-ilẹ̀ ò bá san án mọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa pòórá. Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín, ẹ tọ́jú landmark rẹ̀, ìyẹn àmì tí ẹ ó fi lè padà síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì sọ nǹkan sínú kóló tó sábà máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà.