Kí ni sulforaphane, kí ló kàn án pẹ̀lú èéfín Láfẹ́nwá?

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, láàárọ̀ mọ èéfín tí mò ń sọ, ti tírélà, ti ọ̀kadà, kí ọyẹ́ tún wá da eruku tiẹ̀ lé e. Eruku tẹ́ ẹ fojú rí, imú á mú púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹ ó fun ún dànù. Èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5 ló le, tẹ́ ẹ bá to bíi 30 ẹ̀ síra wọn, fífẹ̀ irun orí kan ni, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Tó bá débẹ̀, ohun tí omi òjò ṣe fáwọn páànù tẹ́ ẹ máa ń rí látorí Olúmọ náà ló ń ṣe, á máa mú ibẹ̀ dógùn-ún díẹ̀díẹ̀.

Ara wa ní àwọn agbálẹ̀ tiẹ̀ tó ń kó májèlé dànù o, àmọ́ wọ́n máa ń sùn. Sulforaphane, èròjà kan tó ń wá látinú àwọn ẹ̀fọ́ bíi brókólì àti kábéèjì, ló máa ń kanlẹ̀kùn pé ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́ (àbí kò tíì mọ́ 😄).

Inú brókólì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ló pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ta ló ń ra brókólì ní Kútọ̀? Kábéèjì tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ ní díẹ̀, mọ̀ríńgà náà ní ohun tó jọ ọ́. Ibi tí mo fẹ́ràn nìyí: tí kábéèjì bá ṣì wà lódindi, sulforaphane ò tíì sí níbẹ̀, nǹkan méjì ló wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀bẹ tàbí eyín ló ń fọ́ ògiri àárín wọn, ìgbà tí wọ́n bá pàdé ló tó di sulforaphane. Iná sì máa ń pa ọ̀kan nínú méjèèjì, torí náà tẹ́ ẹ bá máa sè é, ẹ gé e, kẹ́ ẹ fi í lẹ̀ fún bíi 40 ìṣẹ́jú ná.

Ní Qidong ní Ṣáínà, wọ́n kó èèyàn 291 jọ fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan ń mu omi brókólì, àwọn tó kù ń mu èyí tí ò sí brókólì nínú ẹ̀. Èsì jáde ní 2014: benzene, kẹ́míkà tó wà nínú pẹtiróò àti èéfín mọ́tò, àwọn tó mu brókólì ń tọ̀ ọ́ dànù ní 61% ju àwọn yòókù lọ. Ìtọ̀ ni wọ́n sì yẹ̀ wò o, wọn ò sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kankan ti yá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "ó lè ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́" ni wọ́n ṣì ń sọ. Tí ẹni tó ń polówó ìyẹ̀fun nínú ọkọ̀ bá wá ní tòun ń fọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó bọ́lẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù tó kàn.